Ẹjọ́ Tí Wọ́n Parí Nílé, Tí Kóòtù Kò Gbọ́

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, akọ̀wé kóòtù májísíréètì kan ní àríwá Èkìtì pe orúkọ Rẹ̀mílẹ́kún Ajíbọ́lá lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹni tó jẹ́ ẹ. Mo rí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ kóòtù náà, mo sì fi ìka tọ ìlà náà kí n má baà ṣì í kà. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni ibi tí ọmọbìnrin náà wà lọ́jọ́ yẹn. Ó wà ní Ayégbajú-Èkìtì, nínú ilé ẹbí bàbá rẹ̀, ó ń gún iyán fún ọkùnrin tó gbé e lọ sí kóòtù.

Oṣù Kejì ọdún 2025 ni mo kọ́kọ́ rí Rẹ̀mílẹ́kún. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà. Mo ń wá ẹni tí mo lè fi kọ ìròyìn nípa àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ní kí n lọ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìlógbò láàárọ̀, pé mo máa rí ọ̀kan tó ń sáré. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó sáré dé, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, tépù ìwọnṣọ lọ́rùn bí ẹni fi gèlè kọ́rùn, nítorí pé ó gbàgbé láti bọ́ ọ. Aṣọ ló ń rán, yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń lọ oko ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọlọ́pàá wa! Ta lo ń lé?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ dúró kí n mú yín!"

Mo bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ ṣe ọlọ́pàá. Mo ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ pé iṣẹ́ ìjọba kì í tán. Ó ní torí ọjọ́ tí wọ́n ti òun mọ́lé ni. Mo ní kó tún un sọ, nítorí mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ.

Bàbá rẹ̀, Àkàndé, kú ní ọdún 2021. Ó fi oko kòkó kan sílẹ̀ ní Ìpáò. Àbúrò bàbá rẹ̀, Adékúnlé Ajíbọ́lá, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà, sọ pé ilẹ̀ ẹbí ni, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kòkó ibẹ̀ títí ẹbí yóò fi jókòó. Ẹbí kò tètè jókòó. Òjò ń rọ̀, kòkó ń rà lórí igi. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, Rẹ̀mílẹ́kún mú àdá, ó lọ ká èyí tí kò tíì rà. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ló kún. Tíṣà gbọ́, ó gba tẹ́ṣàn lọ.

Nígbà tí mo bi Tíṣà léèrè, ó ní òun kò pe ọmọ náà lólè. "Mo ní kí wọ́n bá mi halẹ̀ mọ́ ọn lásán ni." Ṣùgbọ́n mo ti ka ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní tẹ́ṣàn, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì kóòtù. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni, ó mọ́ gaara, kò sí ẹni tó lè ṣì í kà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ náà jí kòkó òun. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà," ó ní. "Ìwọ akọ̀ròyìn, inú kì í bí ọ?"

Ní tẹ́ṣàn, Rẹ̀mílẹ́kún lóṣòó sí ẹ̀yìn káńtà, ó ń sunkún, ó fẹ́ fi orí pamọ́ sáàárín orúnkún. Sájẹ́ǹtì obìnrin kan kọjá, ó bọ́ ìborùn tó fi bo èjìká, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún un. Ó ní, "Jókòó bí èèyàn. Ẹ̀sùn ni wọ́n fi kàn ọ́, wọn ò tíì dá ọ lẹ́bi." Lẹ́yìn náà ó bi í bóyá ó ti jẹun. Ìyẹn nìkan ni. Mo tún bi Rẹ̀mílẹ́kún pé ṣé nítorí ìborùn ni ó fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó ní ìborùn kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ó ní láti ọjọ́ náà lòun ti ń rò ó pé, bí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá sí ní tẹ́ṣàn, ta ni yóò sọ ọ́?

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ, wọ́n kà á sí i létí níwájú májísíréètì pé ó jalè. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà wọn dúró fún un, wọ́n gba béèlì rẹ̀, wọ́n sì sún ẹjọ́ sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án.

Ibi tí Deborah ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Òun ni ẹ̀gbọ́n Àkàndé àti Tíṣà, Ìbàdàn ló ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ pé àbúrò òun àti ọmọ àbúrò òun fẹ́ jọ dúró ní kóòtù, ó wọkọ̀ wálé, ó sì pe gbogbo ẹbí jọ. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ọjọ́, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ tí kóòtù dá.

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ló wí. "Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ kóòtù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìjà ló ṣì wù ú. Ulé la ó wà. Uyán la ó jẹ. Mo fẹ́ fojú mi rí yín níbí ní aago mẹ́sàn-án."

Aago mẹ́sàn-án lu, gbogbo wọn pé. Wọ́n pín oko sí méjì, àwọn ọmọ Àkàndé gba ìdajì. Wọ́n pín obì. Rẹ̀mílẹ́kún gún iyán, Tíṣà ló sì kọ́kọ́ mú òkèlè, kí gbogbo ilé lè rí i pé kò sí ìbínú nínú òun mọ́. Deborah ní ẹjọ́ ti parí. Kò sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún kóòtù. Lójú wọn, àìlọ gan-an ni ìparí ẹjọ́. Ní wákàtí kan náà, akọ̀wé ń pe orúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, májísíréètì sì fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé kí wọ́n mú Rẹ̀mílẹ́kún wá níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i. Kóòtù kọ̀wé sí àlùfáà tó dúró fún un, ṣùgbọ́n ìjọ ti gbé àlùfáà lọ sí ìlú mìíràn, ìwé náà kò sì bá a.

Ọdún méjì àbọ̀ kọjá. Ẹni tó pe ọmọ náà lólè wá di olùkọ́ rẹ̀. Nígbà tó ní òun fẹ́ tún ìdánwò girama ṣe kí òun lè wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, Tíṣà ló ń kọ́ ọ ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó yege. Nígbà tí ìkéde ìgbanisíṣẹ́ jáde, tí wọ́n ní kí ó mú ẹni iyì kan wá tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, Tíṣà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Ta ló tún mọ̀ ọ́ jù mí lọ ní Ayégbajú yìí?" ló ní. Ó kọ ọ́ sórí ìwé pé: Mo mọ ọmọ yìí láti ọjọ́ ìkómọ rẹ̀. Kò jalè rí, kò sì purọ́ rí.

Mo ka ìwé yẹn náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni.

Ohun tó kù nínú fọ́ọ̀mù ni ìbéèrè kan ní ojú ewé kẹta: ṣé wọ́n ti fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ọ́ rí? Ààyè méjì ló wà níbẹ̀, Bẹ́ẹ̀ ni àti Rárá. Rẹ̀mílẹ́kún ti kún gbogbo fọ́ọ̀mù tán, ó fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà lọ́jọ́ tó gbé e wá.

"Kọ Rárá," Tíṣà wí, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò nínú ìwé ìròyìn tó ń kà. "A ti parí ẹ̀ nílé."

"Bàbá, wọ́n bi mí pé ṣé wọ́n fi kàn mí rí ni. Wọn ò bi mí pé ṣé ó parí."

"Ta ló fẹ́ sọ fún wọn?"

Rẹ̀mílẹ́kún wò mí. Mo wo fọ́ọ̀mù. Mo sọ fún un pé ohun tí mo kà nínú ìkéde ni pé ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ìwà ọ̀daràn ni wọn kò fẹ́. Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n mo ní kó lọ wo ohun tí kóòtù kọ sílẹ̀ kí ó tó kọ tirẹ̀.

Ní kóòtù, akọ̀wé tó jókòó ti àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ni Elizabeth, obìnrin àgbà kan tó fi okùn so awò ojú mọ́rùn. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó ń fi ìka wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìka náà dúró.

"Ìwọ ni Rẹ̀mílẹ́kún Ajíbọ́lá?"

"Èmi ni, mà."

"Káàbọ̀ o! Ọdún méjì àbọ̀ la ti ń retí rẹ. Kí lo lọ ṣe?"

"Iyán ni mo ń gún, mà."

Elizabeth bọ́ awò ojú. Rẹ̀mílẹ́kún ṣàlàyé. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi lé e lójú, ó sì tún mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára. Ó ní òun ti rí i lọ́wọ́ ẹbí púpọ̀. Wọ́n á parí ìjà, wọ́n á di mọ́ ara wọn, wọ́n á fi fáìlì sílẹ̀ fún eku.

"Gbọ́," ó wá ní, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, tí wọ́n sì dá sílẹ̀, ó lè mú ìwé rẹ̀ lọ síbi tó bá wù ú. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ rẹ ṣì wà láàyè, o sì dà bí ẹni tó sá. Bí o bá kọ Rárá, irọ́ ni. Bí o bá kọ Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á bi ọ́ pé ibo ló parí sí, o ò ní ìwé kankan. Ta ló máa gbé ìbọn fún ẹni tí kóòtù ń wá?"

Ó ní ọ̀nà kan ló wà. Kí Rẹ̀mílẹ́kún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kí ẹni tó fẹjọ́ sùn sì wá sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun kò ṣe ẹjọ́ mọ́. Wọ́n fún un ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kan náà ni àyẹ̀wò àwọn tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Mo rò pé ìyẹn ni ibi tó rọrùn jù. Àṣìrò ni. Tíṣà ní òun kò lọ.

Wọ́n fi fóònù pe Deborah ní Ìbàdàn, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Kóòtù kẹ̀? Lẹ́yìn tí a jẹ obì lé e lórí? Ẹ fẹ́ lọ jí òkú ìjà dìde? Adékúnlé, bí o bá tẹ ibẹ̀, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́!" Tíṣà ní kí ó fara balẹ̀, pé òun kò ní lọ. Mo bi í lẹ́yìn náà pé ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bẹ̀rù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò gbà á gbọ́ tán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ wà káàkiri kóòtù yẹn, lọ́yà wà níbẹ̀, ọlọ́pàá wà níbẹ̀. Kò rọrùn fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ láti dúró níwájú wọn kí ó ní òun fi ẹ̀sùn olè kan ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó ti kú, nítorí apẹ̀rẹ̀ kòkó mẹ́ta.

Rẹ̀mílẹ́kún kò bẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó dé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì fi ìwé onígbọ̀wọ́ lélẹ̀ ní iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Bàbá, ẹ gba ìwé yín."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kì í purọ́. Tí mo bá kọ Rárá, ẹ̀yin ni mo sọ di onírọ́. Tí mo bá kọ Bẹ́ẹ̀ ni láìsí ìwé kóòtù, wọn ò ní gbà mí síṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n máa rán yunifọ́ọ̀mù mi lọ. Yèyé mi á máa rí mi nílé."

Ó dìde, ó lọ. Ìwé náà wà lórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ará ilé sọ fún mi pé Tíṣà ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin, mo dé kóòtù ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Tíṣà ti wà níbẹ̀, ó wọ agbádá funfun bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé onígbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́. Wọ́n ní kí Rẹ̀mílẹ́kún wọ inú àpótí ẹlẹ́jọ́, ó wọ ibẹ̀, ó di irin rẹ̀ mú. Wọ́n ka ẹ̀sùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo wa gbọ́ ọ: Rẹ̀mílẹ́kún Ajíbọ́lá jí kòkó, ohun ìní Adékúnlé Ajíbọ́lá. Tíṣà ń wo ilẹ̀.

Májísíréètì bi í pé ṣé ó ṣì fẹ́ ẹjọ́ yìí.

"Rárá, Olúwa mi. A ti parí ẹ̀."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ tí ẹ pè wá gan-an ni, Olúwa mi."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn wa. Májísíréètì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín pe orúkọ ọmọ nínú ìwé wíwá síléèwé, ẹ ò mọ̀ pé ẹni tí kò bá dáhùn, àìwá la ń kọ fún un?" Tíṣà ní òun mọ̀. Ó ní kí wọ́n forí jì òun. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí àpótí ẹlẹ́jọ́, ó ní, "Ọmọ mi, máà bínú." Kò sí ẹni tó ní kó sọ ìyẹn.

Wọ́n fa ìwé àṣẹ ìmúni ya, wọ́n sì fagi lé ẹjọ́ náà. Elizabeth fún Rẹ̀mílẹ́kún ní ẹ̀dà ìwé ìparí ẹjọ́ náà tí wọ́n lu òǹtẹ̀, ó sì rọra sọ òótọ́ kan fún un, nítorí pé mo bi í léèrè. Ó ní wọn kò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n wọn kò dá a láre náà. Wọ́n kàn pa fáìlì dé ni. Rẹ̀mílẹ́kún ní òun gbọ́. Nígbà tó délé, ó mú bírò, ó fi àmì sí Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì so ẹ̀dà náà mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wá fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ kẹrìnlélógún. Wọ́n wọn gíga rẹ̀, ó pé. Ó sáré, ó yege. Wọn kò jẹ́ kí akọ̀ròyìn wọ yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, nítorí náà ohun tí Rẹ̀mílẹ́kún àti Tíṣà sọ fún mi ni mò ń kọ; mo bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Ọ̀gá ọlọ́pàá obìnrin kan ló ń wo ìwé rẹ̀. Ó wo ìwé kóòtù, ó wo ìwé onígbọ̀wọ́, ó tún wo ìwé kóòtù. Ó ní kí wọ́n pe onígbọ̀wọ́ wọlé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Adékúnlé Ajíbọ́lá kan wà níbí tó ní ọmọ yìí jalè. Adékúnlé Ajíbọ́lá kan tún wà níbí tó ní kò jalè rí. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

"Èmi ni méjèèjì," Tíṣà wí. "Ẹ gba ti ẹ̀yìn gbọ́. Ìbínú ló kọ tàkọ́kọ́."

Ọ̀gá náà kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀mù. Orí ìwé náà dojú kọ ọ́, wọn kò lè ka ohun tó kọ. Ó ní kí wọ́n máa lọ, pé wọ́n á rí orúkọ bó bá jáde.

Títí di ọjọ́ tí mò ń kọ èyí, ní òpin oṣù Kẹfà, orúkọ kò tíì jáde. Deborah ti pe àbúrò rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bú u, lẹ́yìn náà ó ní òun ń gbàdúrà fún ọmọ náà. Rẹ̀mílẹ́kún ṣì ń sáré láàárọ̀. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà nítorí pé iná wà níbẹ̀, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù, òwú já, ó fi eyín gé e. Tíṣà jókòó sórí àga rẹ̀, ìwé ìròyìn wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò kà á. Mo bi í pé bí orúkọ náà kò bá jáde ńkọ́.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Nígbà tí Tíṣà fèsì, Rẹ̀mílẹ́kún ló ń wò, èmi kọ́.

"Nígbà tí mo ní ọmọ yìí jí kòkó mi, mo mọ tẹ́ṣàn tí mo gbà lọ. Bí wọn ò bá wá mú un sí iṣẹ́ yìí, ta ni kí n lọ fẹjọ́ ara mi sùn?"